Òkú Tó Yọ Ahọ́n

Bí ẹ bá dé ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹ rí ìyá àgbà kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń yọ ahọ́n sí, tí òun náà sì ń yọ tiẹ̀ padà sí wọn, èmi ni. Ẹ má rò pé wọ́n ń bú mi. Bí wọ́n ṣe ń kí mi nìyẹn. Oníbàárà lè gbé aṣọ ọmọdé sókè, kó béèrè iye tí mò ń tà á, kí n tó dá a lóhùn ó ti yọ fóònù: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀ẹ̀kan péré." Mo máa ń ṣe é fún wọn. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra aṣọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá ẹni tó bá yọ ahọ́n sí mi jà. Inú mi tètè máa ń ru, mi ò ní purọ́. Mo ti bọ́ bàtà lé ọkùnrin kan rí ní Òṣòdì, lójú ọ̀sán gangan, láàárín èrò, nítorí ahọ́n. Ọkùnrin náà sá wọ ilé ìtajà kan, ó ń ké sí àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gba òun, òkú ń lé òun. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo wọ bàtà mi padà, mo wá ọkọ̀ wọ̀ lọ sílé.

Iṣẹ́ eré ni mo kọ́. Kí fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì tó gbòde ni mo ti wà lábẹ́ ọ̀gá kan tó ní ẹgbẹ́ tíátà, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í gbàgbé ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kú. Ó ní àwọn tó ń kú pẹ̀lú ariwo, tí wọ́n ń yí gbiri nílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí ènìyàn má lọ ṣàìmọ̀ pé wọ́n kú. Ó ní láti ẹsẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Kí n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí n fi ìbàdí sílẹ̀, kí ọwọ́ gbàgbé ohun tó dì mú, kí ojú gbàgbé ẹni tó ń wò. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè máa mí sí ẹ̀gbẹ́ ìhà lábẹ́ bùbá tó fẹjú, tí àyà ò ní gbéra. Mo mọ̀ ọ́n débi pé bí a bá ṣeré tán nílùú kan, àwọn obìnrin máa ń wá sẹ́yìn ìtàgé láti fọwọ́ kàn mí, kí wọ́n lè rí i dájú pé mo wà láàyè. Ọlá ńlá ni mo ka ìyẹn sí.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wa tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹni tó bá kú nínú fíìmù kò gbọdọ̀ dìde lásán. Kí wọ́n tó pa kámẹ́rà, ó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín sí i, tàbí kó ṣẹ́jú sí i, tàbí kó yọ ahọ́n, kí ikú fúnra rẹ̀ lè rí i pé eré lásán ni, kó má lọ gbà á ní òótọ́. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe é, ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ń ṣe é, ẹni tó ní òun ò gba irú ẹ̀ gbọ́ máa ń ṣe é kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń gé fíìmù á gé ibẹ̀ sọnù, àwọn òǹwòran ò sì ní mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ilé kan ní Ire-Akari la ti ya fíìmù tí mò ń sọ yìí. Ìyá àwọn ọmọ tí ìyà jẹ títí tó fi kú ni mo ṣe. Nígbà tó kan ibi ikú, mo kú. N kò ní fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́: mo kú dáadáa. Ẹni tó gbé iná dání gan-an ń fi apá aṣọ nu ojú. Olùdarí fíìmù wá pariwo pé, "Mà, ó tó, ẹ fi han ikú o!" Mo la ojú kan, mo yọ ahọ́n jáde títí dé ìdí, òwú tí wọ́n fi dí imú mi bí ti òkú ṣì wà níbẹ̀, mo sì ṣẹ́jú sí kámẹ́rà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a lọ jẹun.

Àwọn tó fẹ́ ta fíìmù náà ń kánjú, iná ń lọ iná ń bọ̀, ẹni tó ń gé e ò sì rí oorun sùn. Ó gé ibi tí kò yẹ kó gé, ó fi ibi tó yẹ kó gé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà ṣe jáde. Ọkọ mi inú eré ń sunkún lé mi lórí, àwọn ọmọ ń ju ara wọn mọ́lẹ̀, ni òkú bá la ojú kan, ó yọ ahọ́n, ó ṣẹ́jú, ó padà sùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi lọ sin, tí gbogbo ilé sì wọ dúdú.

Èmi fúnra mi ni mo pe àwọn ènìyàn jọ sí pálọ̀ wa ní Okota láti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi gidi, ọmọ Èkìtì, olùkọ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ilé ìwé, ti pe àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọ agbádá. Nígbà tí ahọ́n yẹn jáde, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ lórí àga. Bàbá Ìbejì dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ yẹn, a ò gbọdọ̀ fi fíìmù náà sí i mọ́ nínú ilé wa, kò sì wo iṣẹ́ mi kankan mọ́. Kò bú mi o. Ì bá sàn kó bú mi.

Àwọn olùdarí fíìmù kò pè mí fún nǹkan gidi mọ́. Bí wọ́n bá pè mí, wọ́n á ní, "Mà, ibi kékeré kan ni, ẹ kàn máa yọ ọ́ ni." Mo ní kí wọ́n lọ yọ ti ìyá wọn. Mo lọ gba ìsọ̀ ní Aswani, mo ń ta aṣọ ọmọdé. Mo rò pé ó ti tán. Lọ́dún kan wọ́n ní kí n ṣe Màríà nínú eré Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo fi gbogbo ara ṣe é. Mo dúró lẹ́nu ibojì, mò ń sunkún, omi gidi ló ń bọ́ lójú mi, ni ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, láàárín àwọn akọrin. Ó tàn ká bí iná ọyẹ́. Pásítọ̀ pàápàá fi Bíbélì bo ẹnu.

Kì í ṣe ẹ̀rín náà ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹni tó rántí bí mo ṣe kú kí ahọ́n tó yọ. Mo ti fi gbogbo ìgbà èwe mi kọ́ nǹkan kan, mo mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wò mí dópin kó ní, obìnrin yìí mọ eré ṣe. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òótọ́ inú mi, mo mọ ẹni tí mo fẹ́ kó sọ ọ́.

Ọmọbìnrin mi, Táyé nínú àwọn ìbejì, ló kọ́kọ́ fi hàn mí lórí fóònù. "Mummy, ẹ má bínú o, but ẹ ti di sítíkà." Mo wò ó: ojú mi nìyẹn, òwú nímú, ahọ́n níta, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé *Mi ò tíì kú o*. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń lò ó. Ẹni tí ìdánwò fẹ́ pa, ẹni tí olólùfẹ́ já sílẹ̀, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ pariwo mọ́ ní ọ́fíìsì, èmi ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Mo bi í bóyá òun náà ń fi mí ránṣẹ́. Ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láìpẹ́ sígbà yẹn ni ọmọbìnrin kan yà ní ìsọ̀ mi, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó wò mí títí, mo ti mọ ohun tó ń bọ̀, mo ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà mi nísàlẹ̀ tábìlì.

"Mummy, mi ò wá bú yín o," ó ní. Ó kúnlẹ̀. "Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ́dún tó kọjá, it was serious. Nígbà tí mo lajú, mi ò lè sọ̀rọ̀, màmá mi sì wà ní Abẹ́òkúta, ọkàn wọn ò balẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní fóònù. Ẹ̀yin ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn."

"Èmi bí i báwo?"

"Sítíkà yín, mà. Màmá mi ní bí àwọn ṣe rí ahọ́n yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ làwọn jókòó sí, àwọn ń sunkún, àwọn ń rẹ́rìn-ín."

Inú bí mi sí i pé ó fẹ́ pa mí lẹ́kún nínú ìsọ̀ mi, níṣojú àwọn oníbàárà. Mo ní bí kò bá ra nǹkan, kó máa lọ. Ó ra ṣòkòtò ọmọdé, ó sì sọ fún mi pé òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun kan máa ń kó ara wọn jọ wo fíìmù àtijọ́ lọ́sàn-án Sátidé ní gbọ̀ngàn kan ní Okota, àti pé tèmi ni wọ́n fẹ́ wò lọ́sẹ̀ yẹn. Mo bi í pé ta ló fún wọn láṣẹ. Ó ní, "Mà, ẹ sáà wá."

Mo lọ. Mo lọ láti tú wọn ká ni. Mo fi gèlè bo orí dé ojú, mo wọ dígí dúdú, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún wọn jọ lẹ́nu. Wọ́n ta aṣọ ibùsùn funfun mọ́ ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn. Gbọ̀ngàn náà kún. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ki òwú bọ imú.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe ibi ahọ́n nìkan. Ibi tí mo ti ń bá ìyá ọkọ mi jà nínú eré, gbogbo wọn ń bá mi sọ ọ́, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ibi kan wà tí mo ti tú ìró mi, tí mo tún un ró kí n tó fèsì ọ̀rọ̀ kan tó dùn mí. Èmi ni mo ronú ìyẹn fúnra mi nígbà náà, kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo gbọ̀ngàn náà, ọkùnrin àtobìnrin, ló dìde, tí wọ́n ṣe bí ẹni ń tún ìró ró? Àwọn ọmọ tí kò tíì sí láyé nígbà tí mo ṣe é! Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò jọ lẹ́nu fò lọ. Nígbà tí ikú sì dé, wọ́n dákẹ́, wọ́n fara balẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yọ ahọ́n síta, wọ́n ń hó, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, tèmi náà ti wà níta, abẹ́ gèlè.

Nọ́ọ̀sì yẹn ló rí mi. Ariwo tó sọ ni àwọn yòókù fi yíjú padà. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. "Mummy wa!" Wọ́n ní kí n wá sórí ìtàgé lóṣù tó ń bọ̀, kí n wá yọ ọ́ fún àwọn lójúkojú.

"Mo gbọ́," mo ní. "N ó yọ ọ́. Àmọ́ n ó kọ́kọ́ kú."

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Ìbejì nílé, ó ń ka ìwé ìròyìn, kò gbé ojú sókè. "Kí ni wọ́n ń wá tí wọn ò rí?" ó ní. "Ní ọjọ́ orí rẹ yìí, Ìyá Ìbejì? Kí wọ́n tún wá fi ọ́ rẹ́rìn-ín?" Ó ní òun ò ní dí mi lọ́nà, ṣùgbọ́n kí n má retí òun níbẹ̀. Mo ní n kò pè é.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ara mi ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Orúnkún ń dún, ọrùn ò rọ̀ mọ́, mímí sí ẹ̀gbẹ́ ìhà ń fa ikọ́. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti ọjà dé, mo máa ń kú nínú yàrá. Bàbá Ìbejì á ṣílẹ̀kùn, á rí mi nílẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ mú dígí rẹ̀ lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kan ó ní bí mo bá ti kú tán, ẹ̀bà ńkọ́. Mo fi ìbínú kú lọ́jọ́ náà, kò dára rárá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gbé àga kan sáàárín ìtàgé, mo gbé aṣọ ọmọdé díẹ̀ láti ìsọ̀ mi sórí itan. Kò sí ohun mìíràn. Gbọ̀ngàn náà kún ju ti ìṣáájú lọ, àwọn mìíràn dúró lójú fèrèsé. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó jókòó, òwú ti wà nímú wọn, ahọ́n ti ń yọ lọ́tùn-ún lósì. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Mo ń bá ọmọbìnrin kan tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kó má fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni, pé kó máa sá aṣọ sínú oòrùn kó tó kó o sínú àpótí, pé bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ìyá rẹ̀ dà...

N kò parí rẹ̀. Mo ti fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Ìbàdí tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi ká aṣọ náà dé ìdajì, ó gbàgbé rẹ̀. Mo yọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí àga títí ilẹ̀ fi gbà mí.

Ẹ̀rín wà. Mo gbọ́ ọ. Wọ́n ń retí ahọ́n. N kò yọ ọ́. Ẹ̀rín dín kù, ó wá ku ti ẹnì kan ṣoṣo, òun náà sì gbé e mì. Ẹnì kan ní, "Mummy?" Gbọ̀ngàn yẹn pa rọ́rọ́, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àti ẹnì kan tó ń sunkún sínú àtẹ́lẹwọ́ nítòsí iwájú. Ọlọ́run ló mọ bí inú mi ṣe dùn tó níbi tí mo kú sí.

Nígbà náà ni mo gbọ́ àga tó ṣubú lẹ́yìn, àti ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ẹsẹ̀ àgbàlagbà, tó ń kọlu àwọn ènìyàn. "Ẹ kúrò! Ẹ kúrò lọ́nà!" Ohùn Bàbá Ìbejì ni. Ọkùnrin tó ní kí n má retí òun gun orí ìtàgé, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó gbé orí mi. Èdè Èkìtì tí kì í sọ níta ló fi ń bẹ̀ mí pé kí n dìde, kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun. Ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ òkú mi kọjá lójoojúmọ́, tòun tìwé ìròyìn, ó sì gbà á gbọ́!

Ẹ dárí jì mí, mo tún fi díẹ̀ kún un. Mo ti retí rẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn náà mo la ojú kan, mo wò ó dáadáa, mo sì yọ ahọ́n sí i títí dé ìdí.

Ariwo tó sọ ní gbọ̀ngàn yẹn, àwọn ará òpópónà sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń fò, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ju òwú sókè. Bàbá Ìbejì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí pákó, ó ń mí gúlegúle. Mo rò pé yóò dìde, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dìde lóòótọ́, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó kọjú sí wọn, ó sì lo ohùn tó fi ń pa gbogbo ilé ìwé lẹ́nu mọ́.

"Ẹ jókòó!"

Gbogbo wọn jókòó.

"Ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ń bá obìnrin yìí gbé," ó ní. "Ó mọ eré ṣe. Ẹ gbọ́ o, ó mọ eré ṣe." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa àga kan síwájú pátápátá, ó jókòó, ó yọ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó fi í sójú. "Ìyá Ìbejì, tún un ṣe. N kò rí i dáadáa láti ẹ̀yìn."

Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò lára bùbá mi, mo kó aṣọ ọmọdé yẹn sórí itan, mo sì tún kú.